Ààlà Tó Wà Láàárín Òkukù àti Ọ̀ffà

"Sístà, ẹ ṣáà bá mi gún un lábẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ yìí á fi dá, a ó gbé e kọjá sí ọ̀hún. Wọ́n ní òfin ọ̀hún fúyẹ́ ju tibí lọ."

Ohun tí ìyá ọmọ náà sọ fún mi nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Ọ̀ffà, lálẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 1996. "Ọ̀hún" tó ń wí ni Òkukù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọ ọdún 17 ni ọmọbìnrin náà. Wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn Peugeot 504 kan, wọ́n fi ìró ìyá rẹ̀ wé e láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Ańkárá aláwọ̀ ewé ni ìró náà, àmọ́ nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mi ò rí àwọ̀ ewé mọ́ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sáré, kò sì lágbára. Ó lajú, ó wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà ti kìlọ̀ fún wa tipẹ́ pé bí wọ́n bá gbé ẹni tó ṣẹ́ oyún wá, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí ọlọ́pàá á dé. Dókítà ò sí nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Dírípù wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi. Yàrá kan ṣófo, bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà nínú rẹ̀. Mo gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni awakọ̀ padà wá bá mi. Ó ní ibi tí àwọn kọ́kọ́ yà sí ní Òkukù ní kí àwọn máa gbé e lọ sí Òṣogbo. Wọn ò tíì kọjá Ìkirun tó fi dákẹ́.

Ọdún 35 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ní Ọ̀ffà, ní Òṣogbo, ní Ìlọrin, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti gbẹ̀bí ọmọ tí mi ò lè ka iye wọn. Síbẹ̀, ọmọ tí mi ò gbà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rántí jù. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kò sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni òfin fúyẹ́ ní Òkukù ju Ọ̀ffà lọ? Yorùbá ni wá níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. A ń fẹ́ ara wa, a ń ná ọjà ara wa, ojú irin kan náà ló gba ìlú méjèèjì kọjá. Báwo ni òfin oyún ṣe máa yàtọ̀ láàárín ìlú méjì tí mọ́tò kì í rìn tó wákàtí kan kó tó dé èkejì?

Ó pẹ́ kí n tó rí ẹni tó là á yé mi. Nígbà Kérésì ọdún 2003, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe lọ́yà ní Ìbàdàn wá kí wa nílé. Mo sọ ìtàn náà fún un. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó padà wá pẹ̀lú ìwé méjì tó ṣe fọ́tòkópì wọn. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì pálọ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ó ní, "Ìyá, òótọ́ wà nínú ohun tí obìnrin yẹn sọ. Àmọ́ irọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló pa ọmọ rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òótọ́ ibẹ̀.

Ìwé òfin méjì pàtàkì ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ ọ̀ràn ní Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Criminal Code ni ti Gúúsù, Penal Code sì ni ti Àríwá. Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Ògùn wà lábẹ́ àkọ́kọ́. Kwara àti Kogi wà lábẹ́ èkejì, àti gbogbo Yorùbá tó wà níbẹ̀: Ìlọrin, Ọ̀ffà, Òmù-Àrán, Ìyàgbà, Kàbà. Ní ọdún 1904 ni Lugard, òyìnbó tó ń ṣàkóso Àríwá nígbà yẹn, gbé ìwé òfin ìwà ọ̀daràn kan wọ ibẹ̀. Inú ìwé tí wọ́n kọ fún Queensland, ní ilẹ̀ Australia, ní 1899, ni wọ́n ti dà á kọ. Lẹ́yìn tí wọ́n so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, wọ́n nà án dé gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Ìyẹn ni pé fún ohun tó lé ní 40 ọdún, òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́ ní Òkukù àti Ọ̀ffà. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀ ni àwọn aṣáájú Àríwá ní àwọn fẹ́ ìwé tó bá ẹ̀sìn àti ìgbé ayé àwọn èèyàn àwọn mu. Wọ́n gbé Penal Code kalẹ̀ ní 1959, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, ọjọ́ tó ku ọ̀la ká gba òmìnira. Sudan ni wọ́n ti wo àwòkọ rẹ̀. Sudan náà sì wo tiẹ̀ lára èyí tí àwọn òyìnbó kọ fún India ní 1860.

Kí ló kan Ọ̀ffà nínú ọ̀rọ̀ Àríwá? Ogun ni. Ìlọrin kó Ọ̀ffà ní 1890, lẹ́yìn tí wọ́n ti dó tì í fún ọdún bíi mélòó kan. Nígbà tí òyìnbó dé tí wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀, ibi tí ogun fi kálukú sí ni wọ́n fa ìlà sí. Àwọn èèyàn wa bẹ̀bẹ̀ títí pé kí wọ́n dá àwọn padà sí Ìwọ̀ Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink, tí òyìnbó yàn láti gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn, jókòó láàárín 1957 sí 1958, ó gbọ́ ẹjọ́ Ìlọrin àti Kàbà, àmọ́ ìlà náà kò yẹ̀. Bàbá mi wà lára àwọn tó retí pé ó máa yẹ̀. Títí tó fi kú, tí ọ̀rọ̀ Kwara bá délẹ̀, á ní, "Ìlà ogun ni wọ́n tò wá sí."

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọdún 17 yẹn dùbúlẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà wa, ìwé tí wọ́n kọ fún India ní 1860 ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mọ́tò náà fi máa dé Òkukù, ó ti bọ́ sábẹ́ ìwé tí wọ́n kọ fún Queensland. Kò sí ìyàwó ilé kan, kò sí agbẹ̀bí kan, kò sí ìyáálé kan ní Ọ̀ffà tàbí Òkukù tí wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ohun tí ìwé méjèèjì wí rèé. Nínú ti Gúúsù, abala 228 sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fún obìnrin ní ohun kan tàbí tó ṣe ohun kan fún un lọ́nà tí kò bófin mu, kí oyún rẹ̀ lè bàjẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni. Ì báà jẹ́ pé obìnrin náà lóyún ni o, ì báà jẹ́ pé kò lóyún rárá. Èrò ọkàn ẹni tó ṣe é ni òfin ń wò. Abala 229 kan obìnrin náà fúnra rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Abala 230 kan ẹni tó ta oògùn tàbí tó wá irinṣẹ́ fún wọn nígbà tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ọdún 3. Ní apá Àríwá, abala 232 ni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba oyún inú obìnrin jẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n dé ọdún 14, tàbí kó san owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ fún un, àyàfi bó bá jẹ́ pé ọkàn rere ló fi ṣe é láti gba ẹ̀mí obìnrin náà là. Wọ́n sì ṣàlàyé sábẹ́ rẹ̀ pé obìnrin tó ba oyún ara rẹ̀ jẹ́ wà lára àwọn tí abala náà ń bá wí.

Ẹ wò ó bí ó ṣe rí. Tó bá jẹ́ ọmọbìnrin náà gan-an ni wọ́n gbé dé ilé ẹjọ́, ọdún 7 ni tiẹ̀ ní Òkukù, ó sì lè tó 14 ní Ọ̀ffà. Òótọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ níbẹ̀ yẹn. Àmọ́ ní Ọ̀ffà, adájọ́ lè wo ọjọ́ orí rẹ̀, kó ní kó san owó ìtanràn kó máa lọ sílé, ohun tí abala ti Gúúsù kò kọ sílẹ̀. Ta ló máa wá sọ pé ìkan fúyẹ́ ju èkejì lọ?

Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù ni ohun tí dókítà lè ṣe. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú abala 228 ti Gúúsù tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi gègé fa ìlà sí nídìí: "lọ́nà tí kò bófin mu." Ó ní àwọn adájọ́ kì í fojú yẹpẹrẹ wo ọ̀rọ̀ bí èyí. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé èyí tí kò bófin mu ni wọ́n ń fi jẹni níyà, èyí tó bófin mu gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ní 1938, ní London, àwọn ṣọ́jà fipá bá ọmọ ọdún 14 kan lòpọ̀, ó sì lóyún. Dókítà kan tó ń jẹ́ Aleck Bourne yọ oyún náà ní gbangba, kò gba owó, ó sì fi tó ìjọba létí fúnra rẹ̀ kí wọ́n lè gbé òun lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ Macnaghten sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ pé gbígba ẹ̀mí là kò mọ sí kí èèyàn má kú lójú ẹsẹ̀. Ó ní bí oyún náà bá máa ba ara tàbí ọpọlọ ọmọ náà jẹ́ kọjá àtúnṣe, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ìyẹn náà. Wọ́n dá Bourne sílẹ̀. Ní ọdún 1938 yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tẹ̀lé irú ojú ìwòye yẹn nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Edgal. Láti ìgbà náà ni àwọn amòfin ti ń sọ pé ní Gúúsù, ìlera ara àti ti ọpọlọ ìyá wọ inú ohun tí dókítà lè torí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Abala 297 tún wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ní ẹni tó fi ọkàn rere àti ọgbọ́n iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láti gba ẹ̀mí ìyá là kò jẹ̀bi.

Ní Àríwá, ìwé náà ò lo "lọ́nà tí kò bófin mu." Ó sọ ohun tó yọ̀ǹda jáde gbangba, ẹ̀mí obìnrin nìkan ló sì dárúkọ. Kò mẹ́nu kan ìlera, kò mẹ́nu kan ọpọlọ. Dókítà kan ní Ìlọrin tó bá ní àìsàn ọpọlọ ni òun torí rẹ̀ ṣe é kò ní rí ibi tó máa fẹ̀yìn tì nínú abala 232.

Kò síbi tí ẹ ti máa rí ìfipábánilòpọ̀ nínú àwọn abala wọ̀nyí, ní Gúúsù àti ní Àríwá. Mo wá a, mo tún un wá. Ọmọ ọdún 12 tí ẹbí rẹ̀ fún lóyún, òfin kò dá tiẹ̀ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹlòmíràn. Èyí dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí mo ti gbẹ̀bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣe ló di ọmọlángidi rẹ̀ mú sọ́wọ́ òsì jálẹ̀ ìrọbí.

Irọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka ìwé yìí gbọ́. Bí ọmọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ mi, oyún rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó fún un ní ohun tó mu ti lọ. Ohun tó kù ni ẹ̀jẹ̀. Kò sí òfin kan ní Ọ̀ffà, kò sí òfin kan ní Òkukù, tó ní kí nọ́ọ̀sì má dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Kò sí abala kan níbì kankan tó ní ìtọ́jú obìnrin tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn. Tó bá dé Òkukù, tó dé Òṣogbo, tó dé Èkó, ìtọ́jú kan náà ló tọ́ sí i, ìtọ́jú kan náà ló sì tọ́ sí i lọ́dọ̀ mi. Wákàtí tó fi wà lójú ọ̀nà, tó ń sá fún òfin kan lọ bá òmíràn, kò pọn dandan rárá. Dókítà wa ló kọ́ wa ní ohun tí kò sí nínú ìwé. Ẹnì kan kọ́ ìyá náà. Ẹlòmíràn kọ́ àwọn tí wọ́n bá ní Òkukù. Èmi náà tẹ̀lé e.

Mo mọ̀ nísinsìnyí ohun tí a lè ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní 2001, wọ́n kó àwa agbẹ̀bí jọ ní Ìlọrin, wọ́n kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú obìnrin tí oyún rẹ̀ bàjẹ́ láàbọ̀. Irinṣẹ́ náà jẹ́ síríǹjì oníke ńlá kan, ó tóbi tó ọwọ́ ọmọdé, kò sì nílò iná mànàmáná. Ẹ máa ti bọ́tìnnì méjì tó wà lọ́rùn rẹ̀ síwájú, ẹ ó fa ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn títí apá rẹ̀ méjèèjì á fi dún "kà" bí wọ́n ṣe há. Nígbà náà ni òfìfo tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ á máa retí iṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ "kà" yẹn, mo jókòó. Olùkọ́ wa rò pé òòyì ló ń kọ́ mi, ó ní kí wọ́n bu omi wá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìhà Kwara kò gba ohunkóhun láyè, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìlọrin ní 2007. Aboyún olóṣù márùn-ún kan dé, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 210 lórí 130, ojú rẹ̀ ti wú, ó ní òun ń rí iná níwájú òun. A ti fún un ní gbogbo ohun tí a ní. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì lójú mi. Dókítà àgbà pe dókítà àgbà mìíràn, àwọn méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì mú kí oyún náà wá sílẹ̀ lóru yẹn. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ó ń ja tẹ̀sùbáà. Ọlọ́pàá kankan ò wá. Ohun tí abala 232 gbà láyè gan-an nìyẹn. Ọmọ mẹ́ta ló ti wà nílé fún obìnrin náà. Ó padà lọ bá wọn. Àwọn dókítà méjì yẹn mọ ohun tó wà nínú ìwé, ọwọ́ wọn ò sì gbọ̀n.

Ìwé òfin kẹta kan tún wà nínú ilẹ̀ Yorùbá kan náà yìí, ti Èkó. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn sílẹ̀ fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè kọ tiẹ̀. Èkó kọ tiẹ̀ ní 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2015. Nínú tiẹ̀, kì í ṣe ẹ̀mí ìyá nìkan ni wọ́n dárúkọ. Wọ́n kọ ìlera ara rẹ̀ sí i kedere. Àmọ́ ta ni ó sọ fún àwọn dókítà? Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ìlànà tó sọ irú àìsàn tó wọ inú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti lè ṣe é, àti ẹni tó yẹ kó buwọ́ lù ú.

Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mi ní Agége ni mo wà, mo wá ṣe ìtọ́jú ọmọ, nígbà tí ìjọba Èkó gbé ìlànà náà jáde ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2022. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Kò yí òfin padà rárá. Ó kàn ṣàlàyé òfin tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún 11 ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, WhatsApp ti kún fún pé Èkó ti ní kí gbogbo ènìyàn máa ṣẹ́ oyún. Ìjọ Kátólíìkì fárí gá, àwọn mìíràn náà sì dìde. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ní kí wọ́n dá ìlànà náà dúró ná, kí àwọn ará ìlú lè sọ tẹnu wọn sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin náà ṣì wà níbẹ̀ o. Àlàyé rẹ̀ ni wọ́n gbé kúrò lójú.

Mi ò bá àwọn Kátólíìkì jà. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, mo gbà pé oyún inú kì í ṣe ohun àmúṣeré, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo bá ẹnikẹ́ni dá a lábàá pé kó lọ ṣẹ́ oyún rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó fárí gá yẹn rò pé àwọn ń dá oyún ṣíṣẹ́ dúró. Ohun tí wọ́n dá dúró ni kí dókítà mọ ìgbà tó yẹ kó gba ẹ̀mí ìyá là. Ìjọba àpapọ̀ náà ti ṣe irú ìlànà yẹn jáde ní 2018, pé èyí ni àwọn àìsàn tí òfin tó wà nílẹ̀ lè torí rẹ̀ yọ̀ǹda. Mo ti bi nọ́ọ̀sì tí kò dín ní 20 léèrè bóyá wọ́n ti rí i. Méjì péré ló ti gbọ́ pé ó wà.

Irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ti ṣẹlẹ̀ ní Imo rí. Ilé aṣòfin wọn fọwọ́ sí òfin kan lórí ìwà ipá, ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ sì fi ọ̀rọ̀ oyún sọ́wọ́ obìnrin. Ariwo sọ, wọ́n sì fa òfin náà ya ní 2013. Ṣáájú ìyẹn, ní 1981, àwọn dókítà ìbímọ ti gbé àbá kan lọ sí Èkó, tó jẹ́ olú ìlú ìgbà yẹn, kí wọ́n lè mú òfin oyún gbòòrò sí i fún gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin gan-an wà lára àwọn tó ta kò ó, àbá náà sì kú.

Ẹni tó bá sì jáde láti Ìmẹ̀kọ, tó sọdá sí Kétu níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá tí kò jìnnà sí tiwa, ó ti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní 2021, ilé aṣòfin Benin gbà pé kí dókítà lè yọ oyún tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ bí obìnrin bá sọ pé yóò kó òun sí ìnira, ì báà jẹ́ ti owó, ti ìwé kíkà, ti iṣẹ́ tàbí ti ọkàn. Mínísítà ìlera wọn nígbà yẹn, Benjamin Hounkpatin, sọ pé bíi 200 obìnrin ló ń kú lọ́dọọdún nítorí oyún tí wọ́n ṣẹ́ lọ́nà àìtọ́. Èmi ò sọ pé ká kọ òfin wọn. Mo kàn ń wo bí obìnrin mẹ́ta ṣe lè jẹ́ ìbátan ara wọn, kí ọ̀kan wà ní Kétu, ọ̀kan ní Òkukù, ọ̀kan ní Ọ̀ffà, kí àìsàn kan náà ṣe wọ́n, kó sì jẹ́ pé ibi tí òyìnbó fa ìlà sí ló máa sọ ohun tí dókítà á rò kó tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ òfin Nàìjíríà tó le yìí kò mú kí oyún ṣíṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. Àwọn olùṣèwádìí ṣírò ọ̀rọ̀ náà fún ọdún 2012, wọ́n ní oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn tó mílíọ̀nù 1.25. Mo gbà á gbọ́, nítorí mo wà nídìí àbájáde rẹ̀. Mo mọ àwọn tó mu kán-ún, àwọn tó mu aró, àwọn tó ki igi bọ ara wọn. Mo mọ àwọn tó lọ́wọ́, tí wọ́n wọ yàrá mímọ́ tónítóní, tí wọ́n sì jáde láàárín wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí ọlọ́pàá nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta kẹ́míìsì ni wọ́n lọ, wọ́n ní òun ló ta oògùn, wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Ẹjọ́ ò dé kóòtù. Láti ọjọ́ náà, obìnrin yẹn kì í ta misoprostol mọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún aya ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti forúkọ oògùn náà sílẹ̀ fún irú ẹ̀jẹ̀ yẹn láti 2006.

Fọ́tòkópì méjèèjì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé wá ní 2004 ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi ọ̀rá wé wọn, mo fi wọ́n sínú báàgì tí mo ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Etí wọn ti ya, mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, wọ́n pè mí kí n wá bá àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní Ọ̀ffà. Mo sọ tẹnu mi lórí ìmọ́tótó àti lórí bí wọ́n ṣe ń bá aboyún sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ní kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè, ọ̀kan dìde lẹ́yìn. Kò lè ju ọmọ ọdún 23 lọ. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá gbé ẹni tó ṣẹ́ oyún wá lóru, tí dókítà ò sí, kí ni ká ṣe? Wọ́n ní tibí le ju ti Ọ̀ṣun lọ."

Ọdún bíi 30 ti kọjá, gbólóhùn kan náà ló ṣì wà lẹ́nu wọn. Mo tú ọ̀rá náà. Mo ka abala 232 fún wọn lédè òyìnbó, mo wá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Ẹni tó ba oyún jẹ́ ni abala yìí ń bá wí. Oyún ẹni tí wọ́n gbé wá fún ọ ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ tìrẹ. Fi dírípù sí i, pe ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò níwájú rẹ."

Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa tún un kà, mo fẹ́ gbà á sílẹ̀."

Mo tún un kà.